Fídíò ló ń wò tí áyọ́ọ̀nù fi jó léèsì oníléèsì: Ohun tí aránṣọ kan ní Mushin bá pàdé nínú ìwé mẹ́fà

Kì í ṣe iná NEPA ló jó aṣọ náà, kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Mushin, l'Ékòó, léèsì aláwọ̀ ewé kan ti parí. Òkú àgbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọrùn bùbá ti dúró, etí ìró ti jókòó dáadáa, ó ku kí wọ́n lọ̀ ọ́ kí wọ́n sì ká a sínú náílọ́ọ̀nù. Ìyá aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lẹ́yìn, ni fóònù bá dún. Ó ní kí òun kàn yọjú wò ó ni. Fídíò tọkọtaya kan tó ń jà nítorí ẹran inú ọbẹ̀ ló kò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún yọ lẹ́yìn ìyẹn. Òórùn ló pè é padà. Kó tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ihò tó rí bí ọkọ̀ ojú omi ti wà lẹ́yìn bùbá oníbùbá.

N95,000 ló fi ra léèsì mìíràn dípò rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ owó ìránṣọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tí oníbàárà náà sọ kó tó jáde ni. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ ò bá ti sọ fún mi pé fóònù lẹ̀ ń rán báyìí, ǹ bá gbé aṣọ mi lọ síbòmíì." Obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí máṣíìnì! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló gbọ́ ọ, wọ́n dorí kodò bí ẹni pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, ló kó ìwé mẹ́fà wá fún un nígbà tó wá ṣe Kérésìmesì. Kò bá a wí. Ó kàn kó ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Lára àwọn tó ṣe nǹkan ọ̀hún gan-an wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́wọ́." Ọ̀rọ̀ "jẹ́wọ́" yẹn ló jẹ́ kó ṣí i. Àbí ta ni kì í fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń jẹ́wọ́? Obìnrin náà jáde ìwé mẹ́wàá, òyìnbó rẹ̀ kò burú, àmọ́ kì í sáré kà á. Ibi tó bá ti le, á bi èyí àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́. Tí ìyẹn náà bá wò ó tì, wọ́n á fò ó.

Èyí tó kọ́kọ́ mú ni Hooked, tí Nir Eyal gbé jáde ní ọdún 2014. Kì í ṣe ìwé ìkìlọ̀ rárá. Àwọn tó ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan sórí fóònù ni wọ́n kọ ọ́ fún, láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí èèyàn kò fi ní lè gbọ́wọ́ kúrò. Eyal là á kalẹ̀ bí ọdẹ tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní pańpẹ́ dídẹ. Ẹ kọ́kọ́ ta á lólobó, kí fóònù dún tàbí kí àmì pupa yọ. Ẹ jẹ́ kí ohun tó máa ṣe rọrùn, kó má ju kó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ fún un ní nǹkan, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ irú nǹkan tó máa jẹ́. Kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí òun náà fi nǹkan tirẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni o, fọ́tò ni o, kó má baà lè fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta yẹn ló dá ìyá aránṣọ dúró, ọ̀rọ̀ ẹyẹlé ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní B.F. Skinner. Kí fóònù alágbèéká tó délé ayé ló ti ń fi ẹyẹlé sínú àpótí. Bí ẹyẹ náà bá fi ẹnu gún ibì kan lára àpótí, oúnjẹ á jáde. Bí oúnjẹ bá ń jáde nígbà gbogbo, ẹyẹlé á jẹun, á yó, á lọ sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Skinner ṣe é kó jẹ́ pé ìgbà mìíràn oúnjẹ á jáde, ìgbà mìíràn kò ní jáde, tí ẹyẹ kò sì mọ èyí tó máa bọ́ sí i, ńṣe ló ń gún un ṣáá, tí kò dẹwọ́. Àìmọ̀ ìgbà náà gan-an ni okùn tí wọ́n fi dè é. Ohun kan náà ló mú kàlòkàlò dùn, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹni tó ta lọ́tìrì tí kò jẹ lánàá tún jí lọ sídìí rẹ̀ lónìí.

Ìyá aránṣọ gbé ìwé náà kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ìdí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí ìlú ọba láti ọdún 2022, Manchester ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ sì ti bímọ obìnrin síbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọmọ náà ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sí ìgbà kan pàtó tó máa ń pè. Lọ́jọ́ mìíràn, fọ́tò ọmọ-ọmọ á wọlé láàárọ̀ kùtù. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan á kọjá láìgbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ti dún, ohun tí ọkàn rẹ̀ máa ń sọ ni pé ọmọ òun ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kì í ṣe òun. Ẹni tó ń ta àgbo ni, tàbí àdúrà àárọ̀ tí wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ sí èèyàn méje kíákíá. Ṣùgbọ́n ó ti gbé fóònù ná, ìka ti kàn án, fídíò ti ń yí. Ẹyẹlé inú àpótí ni, ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì loúnjẹ.

Nínú ìwé kejì, Stolen Focus, tí Johann Hari, oníwèé-ìròyìn kan tó dàgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní ọdún 2022, ó bá Aza Raskin sọ̀rọ̀. Raskin yìí ló ṣe iṣẹ́ kan ní ọdún 2006 tí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi ní ìsàlẹ̀ mọ́. Èèyàn ń fi ìka tì í sókè, òmíràn ń yọ, kò sí ibi tó ti máa rí "ó parí." Kó tó dìgbà náà, èèyàn ní láti tẹ bọ́tìnnì kó tó rí ojú ewé kejì, ìgbà tó bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ yẹn ló máa ń rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Raskin ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀. Ìyá aránṣọ ní kò burú, Ọlọ́run á dárí jì í, àmọ́ ṣé àbámọ̀ ló máa san owó léèsì?

Gloria Mark ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ka iye ìṣẹ́jú tí èèyàn ń lò lórí nǹkan. Nínú Attention Span, ìwé tó gbé jáde ní ọdún 2023, ó ní ní ọdún 2004, èèyàn máa ń tẹjú mọ́ nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kó tó bọ́ sórí òmíràn. Ní ọdún 2012, ó ti di ìṣẹ́jú àáyá 75. Nígbà tó fi máa kọ ìwé náà, 47 ló kù. Ìṣẹ́jú àáyá 47 kò tó fi okùn bọ abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá aránṣọ ka ibẹ̀ sókè kétékété fún àwọn ọmọ iṣẹ́; èyí àbúrò pátápátá ti ń wo fóònù rẹ̀ kó tó kà á tán.

Ṣùgbọ́n ìwé tó pa á lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Indistractable. Ọdún 2019 ló jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dá lórí béèyàn ṣe lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ fóònù. Ta ló kọ ọ́? Nir Eyal! Ọkùnrin kan náà tó kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní pańpẹ́ dídẹ ló padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ní kí aráyé wá ra ọ̀nà àbáyọ. Ìyá aránṣọ ní, "Ẹni tó ta májèlé ló tún ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sí òdìkejì títì. Owó ló sì gbà níbi méjèèjì!" Eyal ní tirẹ̀ ní òun kọ ti àkọ́kọ́ kí wọ́n lè fi mú èèyàn ṣe ohun tó dáa, bí eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ èdè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ni, ẹni tó rà á ló mọ ohun tó ń fi í gé.

Síbẹ̀, ìwé tó fi ṣẹ̀sín yìí náà ló wá mú un níbi tó ń dùn ún. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Eyal sọ bí òun àti ọmọbìnrin òun ṣe jókòó lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe eré inú ìwé kan pa pọ̀. Ìwé náà ní kí kálukú sọ agbára àrà tó bá wù ú láti ní. Àsìkò tó kan ọmọ, fóònù ni bàbá ń wò, ó ní kó dúró díẹ̀ ná. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ọmọ ti lọ, bàbá kò sì gbọ́ ohun tó fi dáhùn. Ìyẹn dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé fóònù ńlá tì, tó ra èyí tí kò ṣe ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, tó tún wá ẹ̀rọ ìkọ̀wé àtijọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó láti ṣiṣẹ́. Kí ló wá ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé orí pẹpẹ wò. Ibẹ̀ ló ti rí i pé kì í ṣe pé òun ń sá tọ fóònù lọ. Nǹkan kan wà nínú òun tí òun ń sá fún.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ka ibẹ̀, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń pariwo. Ó pa ìwé dé. Lọ́jọ́ tí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ, kí lòun ń sá fún? Kì í ṣe iṣẹ́, torí iṣẹ́ kì í sú u. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ kò ti pè. Òun náà kò pè é, nítorí kò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ máa sọ pé ìyá ọkọ òun ń yọ òun lẹ́nu. Nígbà tí fóònù dún tí kì í ṣe ọmọ náà, fídíò ẹran inú ọbẹ̀ ló wà nítòsí tó fi bo ibi tó ń ta á. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni títí àbúrò rẹ̀ fi padà wá ṣe Àjíǹde.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ló bá Mushin mu o, ká má parọ́. Ẹ wo Cal Newport, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Georgetown ní Washington. Nínú Digital Minimalism, tó jáde ní ọdún 2019, ó ní kí èèyàn pa gbogbo ohun tí kò pọn dandan lórí fóònù tì fún 30 ọjọ́, lẹ́yìn náà kó wá máa dá èyí tó bá wúlò nìkan padà. Ó ní ó lé ní 1,600 èèyàn tó bá òun dán an wò. Newport fúnra rẹ̀ kò lo Facebook rí láyé rẹ̀. Hari ní tirẹ̀ kó lọ sí Provincetown, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá aránṣọ ní kí wọ́n bá òun kí wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gba owó oṣù rẹ̀, yálà ó wà lórí Facebook tàbí kò sí níbẹ̀. Aránṣọ tó bá lọ sí etí òkun fún oṣù mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló máa bá lórí àga ọ̀gá nígbà tó bá dé. Orí WhatsApp ni oníbàárà ti ń fi fọ́tò aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó rán ránṣẹ́, ibẹ̀ ni ìwọ̀n wọn wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rí owó tí wọ́n san wà.

Ó sì rántí ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021. Ọjọ́ Ajé ni. Nígbà tí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó jí. Àwọn oníṣòwò kígbe. Òun náà kígbe, torí oníbàárà kan ní Àbújá fẹ́ fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì rọ́nà gbé e gbà. Àmọ́ kó tó sùn, ó ti rán bùbá méjì àti ṣòkòtò kan tán. Nígbà yẹn, ó rò pé torí pé iná wà ni.

Ibi tó ti rí nǹkan mú wálé ni ìwé James Clear, Atomic Habits, tó jáde ní ọdún 2018. Ìyẹn kò fi ìwàásù pa á. Ohun tó ń sọ ni pé kí èèyàn má gbójú lé agídí ara rẹ̀, kó yáa mú kí ohun tí kò fẹ́ máa ṣe le díẹ̀ láti ṣe. Clear ní fóònù òun máa ń wà ní yàrá mìíràn títí di ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù Mushin kò ní yàrá mìíràn. Ìyá aránṣọ mú agolo mílíìkì ńlá kan tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí, ó da bọ́tìnnì sínú àpò, ó ti fóònù bọ inú agolo, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, níbi tó ní láti gun àga kó tó lè tó o. Ẹni ọdún 58 tí orúnkún ń dùn kì í gun àga nítorí fídíò.

Agogo méjìlá ọ̀sán àti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbé agolo wálẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí i, ó sì fi ohùn ìpè nìkan sílẹ̀, torí ẹni tí nǹkan bá kánjú fún á pè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó sọ owó nù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó fẹ́ rán aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́jọ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kò rí èsì, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ó ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Aṣọ mẹ́jọ! Ó kù díẹ̀ kó ju agolo náà sí gọ́tà lọ́jọ́ náà. Ìwé àwọn òyìnbó kò sọ ti aṣọ mẹ́jọ. Ohun tó dá a dúró ni pé nínú oṣù yẹn kan náà, kò sí aṣọ kan ṣoṣo tó kọjá ọjọ́ tó dá fún oníbàárà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ra fóònù ńlá.

Ó wá ku ti ọmọ, agolo kò sì lè ṣe ti ọmọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2025, òun ló pè é. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba ọmọ náà.

"Màámi, ẹ káàsán mà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ wo lo kì í lọ síbi iṣẹ́?"

"Ọjọ́ Àìkú ni, mà."

"Ó dáa. Agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú ni kí n máa retí yín. Tí kò bá ní ṣeé ṣe, kí o sọ fún mi ní Sátidé. Ní ọjọ́ tó kù, tí fọ́tò bá wá, ó wá. Tí kò bá wá, mi ò ní rò pé ẹ ti gbàgbé mi."

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màámi, èmi náà máa ń wo fóònù lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ẹ pè. Mo rò pé ẹ ti ń bínú ni."

Àṣé ẹyẹlé méjì ló wà nínú àpótí!

Láti ìgbà náà, agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú kì í lù kó má bá ìyá aránṣọ lórí àga, gèlè rẹ̀ á ti wà lórí. Ọmọ-ọmọ ti ń pè é ní "Gíráńmà," wọ́n sì ti ń kọ́ ọ kó máa pè é ní "Màmá Àgbà."

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, obìnrin tí wọ́n jó léèsì rẹ̀ yọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà dání. Kò kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Ó wo orí tábìlì, ó wo ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù, ó wá wo ọwọ́ ọ̀gá.

"Ìyá Aránṣọ, fóònù yín dà?"

Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ na ìka sókè sí agolo mílíìkì. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó dìde dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti wọn èjìká, téèpù ti yí àyà rẹ̀ ká, ni nǹkan bá dún nínú báàgì rẹ̀. Ó fò mọ́ ọn, téèpù bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ dúró ná," ló wí, "ó lè jẹ́ ọmọ mi tó wà ní Kánádà ni."

Ìyá aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mú téèpù nílẹ̀, ó dúró dè é.